Paramọ́lẹ̀ kò ní ṣaworo: Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa ejò tó ń dákẹ́ ní agbègbè Ashaiman

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ejò kan wà tó jẹ́ pé ìrù rẹ̀ ni agogo rẹ̀. Bí ènìyàn tàbí ẹranko bá sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbé ìrù sókè, yóò sì máa gbọ̀n ọ́n títí ariwo yóò fi máa jáde níbẹ̀ bíi ti ṣẹ́kẹ́rẹ́. Rattlesnake ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní ejò oníṣaworo.

Ejò oníṣaworo kò sí ní Áfíríkà. Kò sí ní Ashaiman, ìlú tó wà ní àríwá Tema, nítòsí Accra tí í ṣe olú ìlú Ghana. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan wà ní pápá agbègbè náà. Paramọ́lẹ̀ ni. Oró rẹ̀ lágbára, kò sì ní ṣaworo kankan ní ìrù.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Ẹni tó bá ń dúró kí ejò kọ́kọ́ pariwo kí òun tó mọ̀ pé ewu wà lè ti tẹ ejò náà mọ́lẹ̀ kí ó tó rí i. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì láti mọ bí paramọ́lẹ̀ ṣe ń gbé, bí ó ṣe ń wá oúnjẹ, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ó bá ṣán ènìyàn.

Báwo ni ejò oníṣaworo ṣe ń kìlọ̀?

Ẹ̀yà ejò oníṣaworo lé ní ọgbọ̀n. Láti gúúsù Kánádà títí dé Argentina ni wọ́n ti ń gbé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko pín wọn sí ìdílé kan náà pẹ̀lú paramọ́lẹ̀, ìyẹn ìdílé Viperidae. Àwọn ejò ìdílé yìí sábà máa ń ní orí fífẹ̀ àti ara kíki. Eyín oró méjì tó gùn wà níwájú ẹnu wọn. Bí wọ́n bá pa ẹnu dé, eyín náà á ká sẹ́yìn mọ́ àjà ẹnu. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣán nǹkan, á nà síwájú.

Ṣaworo tó wà ní ìrù rẹ̀ kì í ṣe egungun. Ohun kan náà tí a fi dá èékánná ènìyàn ni a fi dá a. Ó dà bí òrùka líle tó kó wọnú ara wọn, tí wọ́n sì ń lu ara wọn nígbà tí ejò náà bá gbọn ìrù. Ó lè gbọn ìrù yìí tó ìgbà 90 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkúùgbà tí ó bá bọ́ awọ, òrùka tuntun kan máa ń kún ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, kíka òrùka kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé ó lè bọ́ awọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, àwọn òrùka tó wà ní ṣóńṣó ìrù a sì máa já dànù.

Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti Austria gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé ejò yìí ń fi ṣaworo rẹ̀ tan ẹni tó ń bọ̀. Bí nǹkan bá ń sún mọ́ ọn, yóò máa yára gbọn ìrù díẹ̀díẹ̀. Lójijì, yóò wá yára gidigidi, etí ẹni tó ń gbọ́ yóò sì rò pé ejò náà ti wà nítòsí ju ibi tó wà gan-an lọ. Ẹni náà yóò fà sẹ́yìn kí ó tó dé ibi tí ejò ti lè ṣán an.

Àmọ́ ṣaworo kì í ṣe ìlérí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ejò oníṣaworo máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láìgbọn ìrù rárá, tí yóò máa retí kí ewu kọjá lọ. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 7,000 sí 8,000 ènìyàn ni ejò olóró ń ṣán lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kú kì í sábà ju márùn-ún lọ. Kì í ṣe pé oró ejò wọn kò lágbára. Ohun tó fà á ni pé àwọn tí ejò ṣán níbẹ̀ máa ń tètè dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń bá oògùn tó ń pa oró ejò níbẹ̀.

Ta ni paramọ́lẹ̀?

Bí ènìyàn bá fetí sí orúkọ ejò yìí dáadáa, yóò gbọ́ ìwà rẹ̀ nínú rẹ̀: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ejò tó ju ẹ̀yà kan lọ ni wọ́n ń pe orúkọ yìí. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni ejò kíki inú pápá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bitis arietans.

Ejò yìí wà káàkiri ilẹ̀ pápá ní Áfíríkà, láti etíkun ìwọ̀ oòrùn títí dé South Africa. Ó wà ní apá kan Morocco àti ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú. Kì í sábà gùn ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé nǹkan mì ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé gbígbẹ àti iyanrìn, àmì dúdú tó rí bí orí ọfà sì tò lé e lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù.

Kì í sábà lọ́ lọ lọ́ bọ̀ bí àwọn ejò tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìpẹ́ abẹ́ ikùn rẹ̀ ló fi ń fa ara rẹ̀ lọ tààrà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wọ́ okùn lọ lórí ilẹ̀. Ìrìn rẹ̀ lọ́ra, èyí sì ti mú kí àwọn kan máa pè é ní ọ̀lẹ. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ ṣán nǹkan, orí rẹ̀ yóò ti lọ yóò sì ti bọ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Paramọ́lẹ̀ kì í yé ẹyin sílẹ̀ bíi ti erè tàbí sèbé. Inú ara ìyá ni ẹyin ti ń dàgbà, ọmọ ààyè ni ó sì ń bí. Ejò oníṣaworo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń bí ọmọ 20 sí 40 lẹ́ẹ̀kan. Paramọ́lẹ̀ kan tó wá láti Kenya, tí wọ́n ń tọ́jú ní ọgbà ẹranko kan ní orílẹ̀-èdè Czech, bí ọmọ 156 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí àwọn ọmọ náà ni oró ti wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá rí ejò kékeré kò gbọdọ̀ fojú di í.

Ìdákẹ́jẹ́ ni ọgbọ́n rẹ̀

Paramọ́lẹ̀ kì í lé ẹran kiri. Ó máa ń lúgọ ni. Yóò wá ibi tí eku ń gbà kọjá tàbí ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ sí, yóò ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ koríko tàbí ewé, yóò sì dúró. Ó lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Eku, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá àti ẹyẹ tó bá sún mọ́ ọn ló ń di oúnjẹ rẹ̀.

Ejò tó bá ń dúró pẹ́ báyìí nílò ohun tó ju àwọ̀ ara lọ láti fi bo ara rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Witwatersrand ní South Africa ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi òórùn oríṣiríṣi ejò dán ajá wò, tí wọ́n sì tún fi dán ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ meerkat wò. Àwọn ẹranko náà mọ òórùn àwọn ejò tó ń rìn kiri wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan paramọ́lẹ̀, imú wọn kò rí nǹkan mú. Ohun tí imú ajá kò bá lè gbọ́, kò yẹ kí ẹnu yani pé ojú ènìyàn kò tètè rí i.

Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì kan náà tún fi kámẹ́rà ṣọ́ paramọ́lẹ̀ nínú pápá. Ní ọdún 2017, wọ́n jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ejò yìí máa ń na ahọ́n rẹ̀ jáde, tí yóò máa mi í bí ẹni pé kòkòrò ni. Ọ̀pọ̀lọ́ tó bá fẹ́ wá jẹ kòkòrò náà ni yóò di ìjẹ. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan ni ó ń fi ahọ́n tàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún eku. Ó dà bí ẹni pé ó mọ irú ẹran tó ń bọ̀.

Kì í ṣe pé paramọ́lẹ̀ kò lè kìlọ̀ rárá. Bí ó bá mọ̀ pé wọ́n ti rí òun, yóò fẹ́ ara rẹ̀, yóò sì máa tú èémí jáde fùùfùù bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í tètè gbà pé wọ́n ti rí òun. Ohun tó dá a lójú ni pé bí òun kò bá mira, ẹni tó ń bọ̀ yóò kọjá lọ. Bí ẹni náà bá wá gbé ẹsẹ̀ lé e lórí, ìkìlọ̀ ti bọ́.

Kí ló ń mú ejò àti ènìyàn pàdé ní Ashaiman?

Ashaiman kì í ṣe abúlé. Ètò ìkànìyàn tí Ghana ṣe ní ọdún 2021 fi hàn pé ènìyàn tó lé ní 200,000 ló ń gbé ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlú náà gbilẹ̀ nígbà tí Ghana ń kọ́ èbúté àti ilé iṣẹ́ sí Tema. Èbúté Tema bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò rí ilé gbé ní Tema ló tẹ̀dó sí Ashaiman, àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹkùn Ghana àti láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wá bá wọn.

Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra ni ìlú náà wà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun kò jìnnà síbẹ̀, òjò rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ilẹ̀ igbó. Koríko, igbó ṣúúrú àti òkìtì ikán ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kọjú sí àríwá, gba Afienya lọ, yóò dé àwọn òkè Shai, níbi tí ìjọba Ghana ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹranko ìgbẹ́. Irú ilẹ̀ yìí ni paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn.

Dáàmù kan wà ní Ashaiman tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ wọ oko láti gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Àjọ tó ń rí sí ọ̀gbìn abomirin ní Ghana ló ń bójú tó o. Oko yìí ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ibi tí ìrẹsì bá wà, eku kò ní jìnnà síbẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré yóò dé. Ibi tí eku àti ọ̀pọ̀lọ́ bá sì pọ̀ sí, ejò yóò wá oúnjẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń fọwọ́ tu koríko, tàbí tó ń rìn ní bèbè ojú omi pẹ̀lú sálúbàtà ní ìrọ̀lẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí paramọ́lẹ̀ ti ń lúgọ.

Láàrin ìlú pàápàá, ilé tuntun ń yọ síwájú sínú ibi tó jẹ́ pápá tẹ́lẹ̀. Òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó àti páànù tí wọ́n kó jọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé jẹ́ ibi ìsádi fún eku àti ejò. Ààtàn tí a kò kó ń fa eku wá sẹ́yìn ilé. Nígbà tí òjò bá sì ń rọ̀ gan-an, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù keje, omi a máa lé ejò kúrò nínú ihò lọ sí ilẹ̀ gíga, ilẹ̀ gíga náà sì lè jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ènìyàn.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé ejò yìí ní ìwúlò. Eku tó ń jẹ ìrẹsì lóko tó sì ń kó àrùn wọlé ni ó ń pa jẹ. Àgbẹ̀ tó bá pa gbogbo ejò oko rẹ̀ lè rí i pé eku ti gba oko náà lọ́wọ́ òun.

Àwọn ejò olóró mìíràn ńkọ́?

Yorùbá ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọká bá síwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí sèbé sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró. Ohun tí òwe yìí kò sọ ni pé oró àwọn ejò wọ̀nyí yàtọ̀ síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwà wọn.

Sèbé tó ń tu oró wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Naja nigricollis. Ó lè na orí sókè kí ó sì tu oró sí ojú ènìyàn láti nǹkan bíi mítà méjì. Òun kì í dúró síbì kan bíi ti paramọ́lẹ̀. Ó máa ń rìn kiri, ó sì máa ń wọ ilé wá eku tàbí ọmọ adìyẹ ní òru. Ẹni tó sùn sórí ẹní nílẹ̀ lè yí ara lé e.

Ní àríwá Ghana, àríwá Togo àti Benin, àti àríwá Nàìjíríà, ejò kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Echis. Nínú gbogbo ejò agbègbè wa, òun ló sún mọ́ ejò oníṣaworo jù lọ ní ti ìkìlọ̀. Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn. Bí inú bá bí i, yóò ká ara rẹ̀, àwọn ìpẹ́ náà yóò sì máa ha ara wọn, ariwo rẹ̀ yóò máa dún ṣàà bí ìgbà tí òróró bá ń hó nínú agbada. Síbẹ̀, ejò kékeré yìí ló ń pa ènìyàn jù ní ilẹ̀ pápá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ó pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ilẹ̀ mu.

Kí ni oró ń ṣe nínú ara?

Oró ejò jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ èròjà. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà fún ni láti pa ẹran tí ejò fẹ́ jẹ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mú ẹran náà rọ̀ kí ó tó dé ikùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé oró paramọ́lẹ̀ máa ń ba ẹran ara jẹ́.

Ẹni tí paramọ́lẹ̀ bá ṣán máa ń ní ìrora ńlá lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú, wíwú náà sì lè gùn ẹsẹ̀ tàbí apá lọ títí. Awọ ibẹ̀ lè lé ròrò, ẹran ara ibẹ̀ sì lè kú. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, ìfúnpá lè já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tètè rí ìtọ́jú ló ń yè é. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí.

Oró Echis ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti èrìgì, láti imú, tàbí nínú ọpọlọ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọ̀nà kan tí kò gbówó lórí láti fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ tó mọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá dà á tí ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti dé inú ara nìyẹn.

Nígbà mìíràn, ejò lè ṣán ènìyàn láìtu oró sí i lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yè láìlo oògùn kankan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tí òkúta dúdú tàbí àgbo “wò sàn” lè jẹ́ ẹni tí oró kò wọ ara rẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn yóò wá gbẹ́kẹ̀ lé ìtọ́jú kan náà, wákàtí tó yẹ kó fi dé ilé ìwòsàn yóò sì ṣòfò.

Oògùn tó ń pa oró, àti ẹ̀kọ́ tí Ghana kọ́

Láti ọdún 1894 ni àwọn onímọ̀ ní Faransé ti fi hàn pé a lè fi ara ẹranko ṣe oògùn tó ń pa oró ejò. Albert Calmette jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Títí di òní, ọ̀nà náà kò yí padà púpọ̀. Wọ́n á máa fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró díẹ̀díẹ̀ tí kò lè pa á, ara ẹranko náà á pèsè ohun tí yóò fi bá oró jà, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi ṣe abẹ́rẹ́ fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi oró ejò kan ṣe kò dájú pé yóò ran ẹni tí ejò mìíràn ṣán lọ́wọ́. Ghana fi ojú ara rẹ̀ rí èyí. Ní ilé ìwòsàn kan ní ìgbèríko orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bíi méjì péré ló ń kú nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ejò ṣán láàrin ọdún 2001 sí 2003, nígbà tí wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n ṣe fún ejò Áfíríkà. Ní ọdún 2004, wọ́n fi oògùn mìíràn tó wá láti Éṣíà rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń kú pọ̀ sí i, ó di nǹkan bíi méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn gbé àbájáde náà jáde ní ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ “oògùn ejò” wà lára ìgò méjèèjì, ṣùgbọ́n ejò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe wọ́n yàtọ̀.

Ìṣòro mìíràn tún tẹ̀lé e. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Sanofi Pasteur ní Faransé dáwọ́ ṣíṣe FAV-Afrique dúró. Oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lórí oró ejò Áfíríkà mẹ́wàá, paramọ́lẹ̀ sì wà lára wọn. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ pé àkókò tí a lè lò ó ní oṣù kẹfà ọdún 2016.

Nàìjíríà ti ń wá ọ̀nà mìíràn ṣáájú ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera Nàìjíríà àti àwọn onímọ̀ ní Britain àti Costa Rica jọ ṣiṣẹ́ lórí oògùn tí wọ́n pè ní EchiTAb. Wọ́n fi oríṣi méjì rẹ̀ tọ́jú 400 ènìyàn ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Ọ̀kan nínú méjèèjì wà fún oró Echis nìkan. Èkejì, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, ń ṣiṣẹ́ lórí oró Echis, paramọ́lẹ̀ àti sèbé.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi oró ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí aráyé kò kà sí ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, àjọ náà gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú àti àbùkù ara tí ejò ń fà kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2030. WHO ní ènìyàn 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, àti pé àwọn tó ń pàdánù ẹ̀yà ara tàbí tó ń ní àbùkù ayérayé tó ìlọ́po mẹ́ta iye yìí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀, darandaran àti ọmọdé.

Bí ejò bá ṣán ènìyàn, kí ni kí a ṣe?

• Ẹ kúrò níbi tí ejò náà wà. Ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì gbìyànjú láti pa á. Orí ejò tó ti kú pàápàá ṣì lè ṣán ènìyàn.
• Ẹ fi ọkàn ẹni náà balẹ̀, kí ó má sì rìn bí ó bá ṣeé ṣe.
• Ẹ yọ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, aago àti bàtà kúrò kí ibẹ̀ tó wú.
• Ẹ fi igi tàbí pákó ti ẹsẹ̀ tàbí apá náà, kí ó má baà máa mì.
• Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Nọ́ńbà 112 ni wọ́n ń pè fún pàjáwìrì ní Ghana àti ní Nàìjíríà. Bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, ẹ lo ohun tó bá wà nítòsí, títí kan ọ̀kadà.
• Bí ó bá ń bì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.
• Bí sèbé bá tu oró sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ tó mọ́ ṣan ojú náà, ẹ má ṣe fọwọ́ ra á, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ má ṣe fi okùn so ẹsẹ̀ tàbí apá náà pinpin. Nínú ọ̀rọ̀ oró paramọ́lẹ̀, èyí lè mú kí ẹran ara kú kíákíá. Ẹ má ṣe fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má sì fi òkúta dúdú, epo tàbí ewé lé e. Bí ó bá ṣeé ṣe láti ya fọ́tò ejò náà láti ibi tó jìnnà, yóò ran dókítà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí fọ́tò wu ara rẹ̀ léwu.

Báwo ni a ṣe lè dènà rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ lára ohun tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ paramọ́lẹ̀ kò wọ́n. Tọ́ọ̀ṣì ni àkọ́kọ́, nítorí pé láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru ni ejò yìí sábà máa ń rìn. Bàtà bọ́ọ̀tù tó ga dé agbede ojúgun ń dáàbò bo ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí ejò ti sábà ń ṣán àgbẹ̀. Kí àgbẹ̀ fi igi tàbí ọkọ́ wádìí inú koríko kó tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí bíríkìlà fi igi kan òkìtì búlọ́ọ̀kù kí ó tó gbé e.

Ní ilé, kí a gé koríko tó yí ilé ká, kí a kó ààtàn kúrò, kí a sì tọ́jú oúnjẹ síbi tí eku kò lè dé. Kí a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì dípò ilẹ̀, kí a sì ki etí àwọ̀n ẹ̀fọn sábẹ́ ibùsùn. Àwọ̀n kan náà tó ń dènà ibà lè dènà sèbé pẹ̀lú.

Ìdílé tó ń gbé nítòsí oko tàbí pápá tún lè ṣe ohun kan kí ewu tó dé: kí wọ́n béèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò ní agbègbè wọn, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ejò oníṣaworo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè gbọn ìrù kí ẹni tó ń bọ̀ yà kúrò lọ́nà. Paramọ́lẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ashaiman, ọwọ́ ẹni tó ń rìn ni iná tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà.